Agbaṣẹ́ṣe Ọlọ́gàá Kan

Àwọn Ga a máa pe Jamestown ní ìlú Accra ní Ngleshie Alata. Orúkọ Alata yìí rán wa létí àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti ìhà Allada nígbà tí wọ́n ń kọ́ odi James ní 1673. Ọ̀gá kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Lónìí ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan láti ọdún mẹ́ta ṣì lè máa pe ara rẹ̀ ní agbaṣẹ́ṣe.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ ni a ó yọ fún ìjọba, òun fúnra rẹ̀ yóò sì ṣírò ìyókù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́, ọ̀gá ni yóò máa yọ owó orí lóṣooṣù, tí yóò sì fi 13 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àdéhùn lè pè é ní ohunkóhun. Ta ni ó ń pàṣẹ, irinṣẹ́ ta ni? Lójú tèmi, ọ̀gá ni ó yẹ kí ẹ̀rù bà jù, nítorí owó orí tí kò yọ lè di gbèsè tirẹ̀. Òfin iṣẹ́ ti 2003 tilẹ̀ wí pé òṣìṣẹ́ onígbà-díẹ̀ tí ó bá lo oṣù 6 láìdáwọ́dúró lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ti di òṣìṣẹ́ títí lọ.