Okùn Tó Fún Jù Kì Í Ṣe Ìtọ́jú

  Ọ̀rọ̀ imú la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ọdún 2020 tí COVID-19 wọ Èkó, tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn ní Yaba, ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹ̀rọ tó ń ranni lọ́wọ́ láti mí. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ti rọ́bà rẹ̀ bọ ọ̀nà ọ̀fun. Òmíràn wà, ìbòmú ni wọ́n máa ń dè mọ́ ojú aláìsàn, tí ẹ̀rọ á máa fi agbára fẹ́ atẹ́gùn wọlé. CPAP wà lára wọn. Àwọn tí èémí wọn máa ń dúró lójú oorun náà ń lò ó nílé.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Atẹ́gùn á máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbòmú, á máa fẹ́ sí aláìsàn lójú. Ọmọ tó jókòó tì í á ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á le díẹ̀." Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n egbò ló lè dá sílẹ̀. Awọ orí egungun imú fẹ́lẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rá lábẹ́ rẹ̀. Bí ìbòmú bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ibẹ̀, awọ lè kú. Tó bá ti ń ta Mọ́mì, wọ́n á fẹ́ bọ́ ọ dànù, mímí á tún di ìṣòro. Ẹ̀yin tí ẹ ń wé gèlè lọ òde àríyá mọ̀ ọ́n: gèlè tó fún jù, orí fífọ́ ló ń fà.

Èyí tó kan àwa aláwọ̀ dúdú jù nìyí: wọ́n sábà máa ń ní ká wò ó bóyá ibẹ̀ pọ́n. Lára wa, pípọ́n yẹn lè má hàn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ṣí ìbòmú díẹ̀, ẹ wò ó bóyá ibẹ̀ dúdú ju awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí ó ń dán. Ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ kàn án: ṣé ó gbóná, ṣé ó le? Ẹ bi wọ́n: "Mọ́mì, ṣé ó ń dùn yín?"

Tó bá ń jò, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ìbòmú lè tóbi tàbí kéré jù. Irùngbọ̀n lè fà á, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti yọ eyín àtọwọ́dá aláìsàn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì wọnú. Nọ́ọ̀sì lè pààrọ̀ ìbòmú, tàbí kó fi pílásítà rírọ̀ tẹ́ orí imú kí egbò tó dé. Ó yẹ kí ìka méjì lè wọ abẹ́ okùn. Jíjò díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló lè fara dà á. Ẹ má fi Vaseline pa á, torí nǹkan olóròóró àti ọ́síjìn lè gbaná. Ẹ má sì dá ìbòmú yọ fúnra yín.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Kí wọ́n má wo ẹ̀rọ nìkan, kí wọ́n wo imú náà. Ó dìgbà kan ná.