Bí Ṣúgà Kò Bá Wálẹ̀ Lójú Oògùn: Àtọ̀gbẹ, Sàká àti Àwọn Ọmọ Òrukàn

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn tí ń yọ sàká sọ ní Ìjàyè, ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé



  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ó jẹ mọ́ ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, tí ó ń lo oògùn, tí ó ń ṣọ́ ẹnu, síbẹ̀ tí ṣúgà rẹ̀ kò wálẹ̀. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ láàárín wa, ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń sọ: pé ó ń jẹ ìjẹkújẹ ní kọ̀rọ̀, pé ayé ló ń ṣe é, tàbí pé kí wọ́n fi oògùn kún oògùn. Ó lè jẹ́ pé kò sí òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú: ṣé irú àtọ̀gbẹ tí wọ́n ní ó ń ṣe é náà ni ó ń ṣe é?

Àtọ̀gbẹ kì í ṣe ẹyọ kan

Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas. Òun ni ó ń ṣe insulin, èyí tí ó ń jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara láti di agbára.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni irú kejì. Nínú ẹni 10 tí ó ní àtọ̀gbẹ lágbàáyé, ó lé ní 9 tí ó jẹ́ irú yìí. Insulin wà, ara ni kò gbà á dáadáa mọ́. Àgbàlagbà àti ẹni tí ó sanra ni ó sábà máa ń mú, oògùn oníhóró bíi metformin sì máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Irú kìíní yàtọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó máa bá àrùn jà nínú ara ni ó yíjú padà, tí ó ń ba ibi tí insulin ti ń jáde jẹ́. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń mú. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbé gbogbo metformin tí ó wà ní Ìbàdàn mì, kò lè rọ́pò insulin. Ṣáájú ọdún 1922, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé. Ní oṣù January ọdún náà, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ insulin. Ọmọ tí ikú ti dé sí lọ́rùn lo ọdún 13 sí i.

Èyí tí ó kan àwa ará oko

Ó tún ku òmíràn. Ní ọdún 1969, àwọn dókítà méjì ní Ìbàdàn níbí, E. O. Olurin àti O. Olurin, kọ ìròyìn sínú ìwé British Medical Journal lórí aláìsàn 45 tí òkúta ti dì sínú pancreas wọn. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ lè ba pancreas jẹ́ títí tí àtọ̀gbẹ yóò fi dé. Inú rírun ni ó sábà máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ tí ó ń dán bí ẹni pé a da òróró sí i, ara á sì máa rù. X-ray tàbí scan inú lè fi òkúta náà hàn. Nígbà kan, àwọn onímọ̀ kan fura sí pákí, ṣùgbọ́n ìwádìí kò fi ìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀.

Ebi pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1985, Àjọ Ìlera Àgbáyé ya àtọ̀gbẹ tí ó tan mọ́ àìjẹunkánú sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí irú kan. Ní 1999 wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ní oṣù April ọdún 2025, ní Bangkok, àjọ International Diabetes Federation gbà á padà, wọ́n sì pè é ní irú karùn-ún. Ẹni tí ebi pa láti kékeré ni ó sábà máa ń mú, ẹni tí kò lẹ́ran lára, tí insulin rẹ̀ kéré. Ní ọdún 2025 yìí kan náà, ìwádìí kan jáde láti Cameroon, Uganda àti South Africa lórí àwọn ọ̀dọ́ tí ó tó 900 tí wọ́n ti sọ fún pé irú kìíní ni tiwọn. Nínú ẹni mẹ́ta, bí ẹni méjì ni a kò rí àmì irú kìíní nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí ju insulin tàbí oògùn rẹ̀ nù. Dókítà nìkan ni ó lè yí oògùn padà. Ohun tí à ń sọ ni pé ọmọ tí ó rù tí ó ń gba oògùn àgbàlagbà tí ó sanra, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ sí àyẹ̀wò mìíràn.

Kí á tó dá aláìsàn lẹ́bi

Bí irú rẹ̀ tilẹ̀ dájú, ó tún ku àwọn ohun tí ó yẹ kí á wò. Ṣé ó ń lo oògùn náà pé, àbí ó ń dá a sí méjì kí ó lè pẹ́ nílẹ̀? Ṣé ó ń ra oògùn ara ríro tí wọ́n pò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù? Prednisolone tàbí dexamethasone lè wà nínú rẹ̀, méjèèjì a sì máa gbé ṣúgà sókè. Ṣé ojú kan náà ni ó ń gún abẹ́rẹ́ sí títí ibẹ̀ fi wú? Insulin kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀ mọ́.

Ṣé ooru kò ti ba insulin náà jẹ́? Èyí tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni kí ó wà, kì í ṣe ibi tí yóò ti di yìnyín. Èyí tí a ti ṣí lè lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níta bí ooru kò bá pọ̀. Níbi tí kò sí iná, ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ńlá, pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín wọn, lè dín ooru kù. Irú ìkòkò yìí ni Mohammed Bah Abba fi ran àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Jigawa lọ́wọ́ láti tọ́jú ẹ̀fọ́, tí ó fi gba ẹ̀bùn Rolex.

Nọ́ńbà àyẹ̀wò pẹ̀lú lè tan ènìyàn jẹ. Àyẹ̀wò HbA1c, tí ó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún oṣù méjì sí mẹ́ta, inú ẹ̀jẹ̀ pupa ni a ti ń wò ó. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí ó jẹ́ SS kì í pẹ́ kí ó tó kú, nítorí náà nọ́ńbà náà lè kéré ju òótọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ jẹ́nótáìpù aláìsàn.

Ọmọ tí wọ́n ní ibà ni ó ń ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ gba ọmọ òrukàn tọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ọmọ bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ sílé, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tí ó ń jẹun tí ó sì ń rù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ṣúgà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá wá ń bì, tí inú ń run ún, tí ó ń mí gúlegúle, tí oorun ń gbé e lọ, ẹ má dúró de oògùn ibà tàbí ti táífọ́ọ̀dù, ẹ má sì gbé e lọ sílé àgbo. Ilé ìwòsàn ni, ní wàrà-ǹ-sesà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka, kò tó ìṣẹ́jú kan, ni ó máa sọ ohun tí ó jẹ́.

Ibi tí sàká ti wọlé

Nínú Suratu Taoba, Ọlọ́hun to àwọn ẹni mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, aláìní àti tálákà ni ó sì kọ́kọ́ dárúkọ. Ọmọ òrukàn tí kò ní owó insulin wà lára wọn. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀, ohun tí a bá fi sàká rà gbọ́dọ̀ di ti aláìní náà gan-an. Nítorí náà, oògùn, abẹ́rẹ́, oúnjẹ, owó àyẹ̀wò àti owó ọkọ̀ láti Ìjàyè dé Mọ́níyà, dé Òjóò, títí dé UCH, sàká lè gbé e. Ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ yóò máa fi wọn ṣúgà fún gbogbo ènìyàn, ẹ jẹ́ kí á fi sàárà rà á.

A bẹ̀ yín lórí ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí a máa san owó àyẹ̀wò kí a tó máa ra oògùn fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ kò wálẹ̀. Àyẹ̀wò C-peptide ń fi hàn bóyá ara ṣì ń ṣe insulin. Bí oògùn tí kò bá àìsàn mu bá ń jẹ owó sàká lóṣooṣù, owó ọmọ òrukàn ni ó ń ṣòfò.

Èkejì, kí oúnjẹ máa bá insulin rìn. Ẹni tí ó gún abẹ́rẹ́ tí kò rí oúnjẹ jẹ, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀; yóò gbọ̀n, yóò làágùn, ó lè dákú, ó sì lè kú. Bí a bá fún opó ní insulin ọmọ rẹ̀ tí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ṣófo, a kò tíì ràn án lọ́wọ́ tán.

Ẹ̀kẹta, kí ìrànlọ́wọ́ náà má jẹ́ ti inú Ramadan nìkan. Àánú tí ó dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó nílò insulin, ojoojúmọ́ ni ó nílò rẹ̀. A ń wá àwọn tí yóò gba ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ra, lóṣù dé oṣù, ẹni méjì tàbí mẹ́ta lórí ọmọ kan. Nípa àwẹ̀, Ọlọ́hun ti ṣe é ní ìrọ̀rùn fún aláìsàn. Kí ẹni tí ó ń lo insulin rí dókítà àti àfáà kí oṣù tó lé.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí ó ṣàánú àwọn òbí tí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ lọ, kí ó gba sàká wa ní ìjọsìn, kí ó sì fi àlùbáríkà sí ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa. Aamiin.