Igi Inú Ìlú àti Ẹni Tí Yóò Tọ́jú Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ìjọ láti ẹ̀ka gbogbo ní Àpéjọ Ọdọọdún)

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ igi ni. Kì í ṣe igi inú igbó ni mo ń wí, bí kò ṣe igi tí ó wà láàárín ìlú, ní ẹ̀gbẹ́ títì, ní àgbàlá ilé-ìwé, àti ní iwájú ilé ìsìn wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù gbọ́ mi, ẹ ó rí i pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Èmi fúnra mi ni n óò kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kan ní Òkè Ọya, igi dóńgóyárò ńlá kan wà ní iwájú ilé ìsìn wa. Ẹni tí ó gbìn ín ti kú kí n tó dé ibẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì. Níbẹ̀ ni àwọn ìyá ń jókòó sí lẹ́yìn ìsìn. Àwọn aládùúgbò tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa pẹ̀lú a sì máa sinmi níbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Nígbà tí a fẹ́ da kọnkéré sí àgbàlá kí ọkọ̀ lè rí àyè dúró, mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ní kí a gé igi náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá béèrè pé, "Ẹ̀yin baba, níbo ni kí àwa wá jókòó sí?" A rẹ́rìn-ín, a sì dá a lóhùn pé a óò ra kánópì.

Ọjọ́ kan péré ni a fi gé ohun tí ó ti gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dàgbà. Nígbà tí oṣù Kẹta dé, kọnkéré náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò wọ bàtà kò lè gba orí rẹ̀ kọjá. Kí ọdún tó yí po, atẹ́gùn ti fa kánópì ya. Àwọn ìyá kò dúró lẹ́yìn ìsìn mọ́, àwọn aládùúgbò kò sì yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Ìbéèrè ìyá náà kò tíì kúrò ní ọkàn mi títí di òní.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé iṣẹ́ igi ju òjìji lọ. Igi a máa fa omi láti inú ilẹ̀, a sì máa tú u jáde lójú ewé rẹ̀, bí ènìyàn ti ń làágùn. Èyí ni ó ń mú kí afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ tutù. Kọnkéré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru tí ó bá gbà ní ọ̀sán, òun náà ni yóò máa tú jáde ní òru nígbà tí a bá fẹ́ sùn. Bí òjò bá sì dé, ewé igi a dín agbára rẹ̀ kù, gbòǹgbò rẹ̀ a sì di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má baà gbé e lọ.

Ẹ má sì ṣe rò pé dóńgóyárò kàn hù fúnra rẹ̀ ní Òkè Ọya. Ìhà Íńdíà ni ó ti ṣẹ̀ wá, a sì mú irúgbìn rẹ̀ wọ Nàìjíríà láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí, ní nǹkan bí ọdún 1928. Gbogbo òjìji tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ títì Sókótó, Kánò àti Màídúgùrì lábẹ́ igi yìí, ẹnì kan ni ó gbìn ín, ẹnì kan ni ó bu omi sí i, ẹnì kan sì ni ó lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé Freetown, olú-ìlú Sierra Leone, nítorí ìlú náà kò ṣàjèjì sí wa. Òun ni Sàró tí àwọn baba wa ń sọ ìtàn rẹ̀. Ibẹ̀ ni a kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa lọ nígbà tí a gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ibẹ̀ ni a mú Samuel Ajayi Crowther dé ní ọdún 1822, kí ó tó padà wá di Bíṣọ́ọ̀bù. Láàárín ìlú náà ni igi àràbà ńlá kan wà. Ìtàn wí pé nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ti di òmìnira ti Nova Scotia dé ní ọdún 1792, abẹ́ àràbà yìí ni wọ́n péjọ sí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wà lára owó ilẹ̀ náà. Kò sí ọmọ ìlú tí kò mọ̀ ọ́n.

Àwa Yorùbá a máa wí pé wọ́n ní àràbà yóò wó, àràbà kò wó, ojú ti ìrókò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjì líle jà ní Freetown, àràbà náà sì wó. Ọjọ́ ọ̀fọ̀ ni fún ìlú. Igi tí ó ju igba ọdún lọ kò ṣeé rà ní ọjà, a kò sì lè fi ọdún mẹ́wàá rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, kí ti àtijọ́ tó lọ ni a ti í gbin tuntun.

Ọ̀fọ̀ mìíràn ti ṣáájú èyí, ó sì burú jù ú lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, apá kan òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ ní Regent, ìletò tí a dá sílẹ̀ ní ìgbà láéláé fún àwọn tí a gbà lóko ẹrú. Ẹrẹ̀ àti òkúta bo ilé mọ́ àwọn tí ń sùn. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Òjò náà pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ ọ̀ràn náà wò ka gígé igi orí òkè àti kíkọ́lé sí ibi tí kò yẹ mọ́ ohun tí ó dá kún un. Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní ẹsẹ̀ òkè, ní ibikíbi tí ẹ ti wá, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Kí ni àwọn ará Freetown wá ṣe? Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, Yvonne Aki-Sawyerr, olórí ìlú náà, bẹ̀rẹ̀ ètò láti gbin mílíọ̀nù igi kan. Kì í ṣe iye náà ni ó yà mí lẹ́nu jù lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìjọba ni ó ti gbin igi lójú àwọn ayàwòrán, tí ewúrẹ́ sì jẹ gbogbo rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́jú wọn. Igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ni a fi ṣe olùtọ́jú; wọn a máa bu omi sí i, wọn a padà wá fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ láti fi hàn pé ó wà láàyè, a sì ń san owó iṣẹ́ wọn fún wọn. Ní àkókò òjò méjì àkọ́kọ́, igi tí wọ́n gbìn ju ìdajì mílíọ̀nù lọ, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn sì yè.

Ẹ rántí olùṣọ́gbà inú Ìwé Lúùkù, orí kẹtàlá, ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ fún igi ọ̀pọ̀tọ́. Kò fi ẹnu lásán bẹ̀bẹ̀. Ó ṣèlérí láti tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀ kí ó sì fi ajílẹ̀ sí i. Ará mi, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni gbígbìn. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni títọ́jú. Igi tí kò ní olùtọ́jú tí a lè dárúkọ, igi òkú ni, àní bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ tutù lónìí.

Báwo ni a óò ti ṣe é? Èkíní, ẹ wo òkè àti ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn. Igi tí yóò ga kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ wáyà iná, bẹ́ẹ̀ ni igi tí yóò ní gbòǹgbò ńlá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ògiri àti gọ́tà. Èkejì, ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ ṣe ọgbà yí i ká nítorí ẹran, kí ẹ sì máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe da kọnkéré dé ìdí igi. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí omi lè wọlé. Ẹ má ṣe sun ìdọ̀tí nídìí rẹ̀, ẹ má sì ṣe kan ìṣó mọ́ ọn nítorí pátákó ìpolówó ìsọjí. Èmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwa fúnra wa.

Ẹ̀kẹrin, kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ̀ka tí kò dára, kí a rẹ́ ẹ nígbà tí ó ṣì kéré. Kí a má ṣe bẹ́ igi lórí pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni ìrà ń gbà wọlé, ẹ̀ka tí ó bá sì tún hù níbẹ̀ kì í lágbára.

Èmi kò wí pé a kò gbọdọ̀ gé igi láé. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ yẹ igi yín wò: bí ìdí rẹ̀ bá jẹrà, bí ó bá ń fì sí ibi tí ènìyàn ń jókòó, bí ẹ̀ka gbígbẹ bá wà lókè, ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba níbi tí òfin bá ti béèrè rẹ̀. Bí gígé bá di dandan, kí a má ṣe gé ọ̀kan láìtíì gbin òmíràn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ ka iye igi tí ó wà ní àgbàlá yín àti ní iwájú títì yín. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹnì kan síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ ìpàdé, bí a ti ń béèrè ìṣirò owó, kí a máa béèrè ìṣirò igi pẹ̀lú.

Ní ti ẹ̀ka tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo padà lọ síbẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá, mo sì tọrọ àforíjì. A fọ́ kọnkéré náà ní apá kan, a sì gbin dóńgóyárò mìíràn síbẹ̀. Kò tíì ga kọjá èjìká mi. Ìyá tí ó béèrè ibi tí wọn yóò jókòó sí ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Òun ni ó ń bu omi sí i ní òwúrọ̀. Ó ti darúgbó, ó sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun má jókòó sábẹ́ rẹ̀ láé. Síbẹ̀ kò pa ọjọ́ kan jẹ.