Irinṣẹ́ Tuntun, Fóònù Àtijọ́



Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ tú wò: pé bí a bá sọ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ áàpù Android di ọ̀tun, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí fóònù rẹ̀ ti pẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ sdkmanager --update ń sọ irinṣẹ́ tí a ti ní di ọ̀tun; ẹ̀dà Android tí a kò tíì ní, orúkọ rẹ̀ gan-an ni a ó fi pè é wọlé, bíi platforms;android-35. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó wá ń ṣe ìdájọ́. compileSdk ni ẹ̀dà tí a fi kọ áàpù. TargetSdk ni ẹ̀dà tí a mú ìṣesí rẹ̀ bá mu. MinSdk ni ó ń sọ ẹ̀dà tí ó pẹ́ jù lọ tí yóò gba áàpù náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Google Play bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè targetSdk 35, ó kéré tán, fún áàpù fóònù tuntun. Kò fi ọwọ́ kan minSdk.

Nítorí náà, mo rọ ẹ̀yin olùkọ́: ẹ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti yẹ ẹ̀dà fóònù wò kí áàpù tó pe ohun tuntun. Bí a bá gbé minSdk sókè láìnídìí, àwa ni a ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe irinṣẹ́.