Ojú-Ewé Tí Ń Sọ̀rọ̀

Ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì wà tí ẹni tí kò ríran lè fetí kà. Ní 2006, Michael Curran, afọ́jú ará Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ NVDA, ètò kọ̀ǹpútà tí ń ka ọ̀rọ̀ jáde. Ọ̀fẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ ló ń kà. Bí ẹni tó ṣe ojú-ewé bá fi àwòrán lásán sí ibi tí a ó tẹ̀ láti sanwó, tí kò kọ “Sanwó” mọ́ ọn, níbo ni afọ́jú yóò tẹ̀? Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn.

Ti Yorùbá wa tún le. Bí a kò bá fi àmì sí i, ṣé ọkọ́ ni ẹ̀rọ ó pè é ni, àbí ọkọ̀, àbí ọkọ? Àwa tí a ń ríran gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì là ń kà á.