Àjàṣẹ́, Olú-ìlú tí ó Wà ní Ẹ̀yìnkùlé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa, ní Ìbà Housing Estate)

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa gbọ́ pé mo ti Àjàṣẹ́ dé, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ó ní kí n wá ròyìn ohun tí mo rí, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú náà. Mo gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn àgbà ní, ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń gbé ní Ìbà, ní Okokomaiko àti ní Ọ̀jọ́ ni ó mọ ọ̀nà Àbújá. Àwọn mìíràn ti dé Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n olú-ìlú orílẹ̀-èdè kan wà tí a lè jí kúrò nílé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kí a sì jẹ oúnjẹ ọ̀sán níbẹ̀, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n nínú wa kò sì pọ̀. Àwọn oníṣòwò wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ ra ọjà ní Kútọnu, wọn kì í yà.

Láti Ìyànà-Ìbà ni mo ti wọ ọkọ̀. A gba Okokomaiko, Ìjánikin, Àgbárà àti Mọ̀wọ̀ kọjá, a sì dé Àgbádárìgì, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì ti wàásù lábẹ́ igi Àgíà ní ọdún 1842. Ọ̀nà kò dán tó bí a ti ń fẹ́, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Ní Ṣẹ̀mẹ̀ mo fi ìwé ìrìnnà mi hàn. Ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ pé àjọ ECOWAS, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, ti fọwọ́ sí i láti ọdún 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láì gba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bá ti pé. Ẹ̀tọ́ wa ni èyí, kì í ṣe ojúrere.

Ààlà tí mo kọjá yìí kò dàgbà tó àwọn ènìyàn tí ó pín sí méjì. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé, tí wọ́n fa ìlà láàrin ilẹ̀ Èkó àti ilẹ̀ Àjàṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ọmọ ìyá kan náà ti di ará Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà kan, tí èkejì sì di ará Faransé. A tún rí i bí ìlà náà ti lè le tó nígbà tí ìjọba wa ti ẹnubodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí a kò sì tún Ṣẹ̀mẹ̀ ṣí títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Àwọn ìyá tí ń ná ọjà ìhà méjèèjì kò jẹ́ gbàgbé àkókò náà.

Ní oríta Sèmè-Kpodji, a fi ọ̀nà Kútọnu sílẹ̀, a yà sí ọwọ́ ọ̀tún, a gba orí afárá kọjá lórí ọ̀sà, ìlú sì hàn níwájú wa. Omi yìí ni ó lọ títí kan Àgbádárìgì, tí ó sì gba Ọ̀jọ́ dé Èkó. Kí ọ̀nà mọ́tò tó là, orí rẹ̀ ni àwọn baba wa ń gbé ọkọ̀ lé láti ìlú wọn lọ sí tiwọn.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Àjàṣẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tí ó ti Okokomaiko dé, tí etí rẹ̀ ti mọ́ fèrè ọkọ̀ àti igbe àwọn agbèrò, yóò rò pé ọjọ́ ìsinmi ni. Alùpùpù ni ó pọ̀ jù lọ ní títì. Zemidjan ni wọ́n ń pe àwọn tí ń fi í gbé èrò, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n tètè gbé ni lọ. Lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n to epo bẹntiróòlù sínú ìgò, epo tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ, tí wọ́n ń pè ní kpayo. Nígbà tí ìjọba wa sì yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n gbé owó lé e lọ́hùn-ún náà. Ohun tí ó bá ojú, yóò bá imú.

Èdè Faransé ni ìjọba wọn ń lò, n kò sì gbọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n ìyá kan tí ń ta àkàsà bojú wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, bàbá. Ṣé Èkó lẹ ti wá?" Mo ní, "Ìbà ni mo ti wá, ìyá." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ ní Ọ̀jọ́. Ẹ bá mi kí wọn." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé agboolé kan ṣoṣo ni Ọ̀jọ́. Àwọn Ògù tí ó jókòó tì í náà kí mi ní tiwọn, wọ́n ní, "Kúàbọ̀." Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ Yorùbá.

Orúkọ mẹ́ta ni ìlú náà ń jẹ́, ìtàn rẹ̀ sì wà nínú wọn. Àwa Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́, nítorí ìtàn ìlú náà sọ pé àwọn ọdẹ mẹ́ta láti ilẹ̀ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, kí Te-Agbanlin, ọmọ ọba Allada, tó dé pẹ̀lú àwọn Àjà rẹ̀. Àwọn Ògù ń pè é ní Hogbonu, èyíinì ni ẹnu ọ̀nà ilé ńlá. Àwọn Potogí tí ó wá ra ẹrú ni ó pè é ní Porto-Novo, tí í ṣe Èbúté Tuntun. Àwọn Faransé gba àkóso ibẹ̀ ní ayé Ọba Toffa, ẹni tí ó jọba láti ọdún 1874 títí di ọdún 1908, tí ààfin rẹ̀ sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí. Wọ́n fi ìlú náà ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Dahomey. Orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Benin ní ọdún 1975.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun ìyanu kan. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti ọdún 1990 sọ ọ́ gbangba pé Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú. Ṣùgbọ́n Kútọnu ni Ààrẹ ń gbé, Kútọnu ni èbúté ọkọ̀ òkun àti pápá ọkọ̀ òfurufú wà, ibẹ̀ ni owó sì ń gbà wọlé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn wà lára àwọn ẹ̀ka ńlá tí ó fi Àjàṣẹ́ ṣe ibùjókòó tí àlejò lè tọ́ka sí. Ẹ wo Èkó tiwa. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá, orúkọ olú-ìlú sì bọ́ lọ́wọ́ Èkó, ṣùgbọ́n agbára òwò kò bọ́. Èkó fi orúkọ sílẹ̀, ó di owó mú. Àjàṣẹ́ fi owó sílẹ̀, ó di orúkọ mú. Mo wá ń bi ara mi léèrè pé, kí ni ó ń jẹ́ kí ìlú jẹ́ olú-ìlú, nígbà tí owó àti àṣẹ bá ti lọ?

Ìdáhùn tí mo rí ni pé Àjàṣẹ́ ni olùtọ́jú. Ibẹ̀ ni ilé tí a ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ sí wà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1914. Ibẹ̀ ni ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè wọn wà. Ẹni tí ó bá ń wá ìwé ilẹ̀ baba ńlá rẹ̀ tàbí ìwé ẹjọ́ ayé àwọn Faransé, Àjàṣẹ́ ni yóò gbà lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́rọ̀ Kútọnu.

Mo lọ wo Mọ́ṣáláṣí Ńlá wọn, tí àwọn Àgùdà kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bí ẹ bá dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Bràsíìlì ni, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ méjì, òdòdó tí a fi sìmẹ́ǹtì yọ, àti ọ̀dà oríṣiríṣi. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ àwọn ẹrú tí ó padà ti Bràsíìlì dé ni àwọn tí ó kọ́ ọ, iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n kọ́ ní oko ẹrú ni wọ́n fi kọ́lé fún Ọlọ́run. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kan náà ni ó kọ́ Pópó Àgùdà ní Èkó, àti Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894. Ṣùgbọ́n ní Èkó kan náà, ilé Àgùdà tí a ń pè ní Ilojo Bar, ní Tinúbú, tí ìjọba ti kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Òfin dáàbò bò ó fún ọgọ́ta ọdún, ọjọ́ kan péré ni ó gbà láti sọ ọ́ di òkìtì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ funfun lọ sí ilé ìsìn Sẹ̀lẹ́, Àjàṣẹ́ ni orírun yín. Ibẹ̀ ni Samuel Bilewu Oshoffa ti dá ìjọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ oko, ibẹ̀ ni Songhai wà, ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Ìgbẹ́ ẹran níbẹ̀ a di gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ohunkóhun ṣòfò.

Kì í ṣe pé mo wá pọ́n ìlú onílùú. Ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà tí a fi amọ̀ mọ ni ó ń wó níbẹ̀ pẹ̀lú, igi ti hù lórí àwọn mìíràn. Iṣẹ́ kò pọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wọn, Kútọnu àti Èkó ni wọ́n ń sá lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ní, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n kó o sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn wá.

Estate wa yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ láàrin ọdún 1979 àti 1983, kí mẹ̀kúnnù lè ní ilé tirẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé ti ń darúgbó, àwọn mìíràn ti sùn. Níbo ni ìtàn wọn wà? Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú àpótí kan ní iyàrá Akọ̀wé. Ẹ̀yin náà sì mọ bí àgbàrá ti ń wọlé ní àdúgbò wa nígbà òjò. Bí omi bá wọ iyàrá náà lálẹ́ ọjọ́ kan, ìtàn wa ti bá a lọ.

Nítorí náà mo gbé ìmọ̀ràn mẹ́ta síwájú yín. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ya iyàrá kan sọ́tọ̀ ní gbọ̀ngàn ìpàdé wa, kí a ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí ó ga kúrò nílẹ̀, kí a kó ìwé wọ̀nyí síbẹ̀, kí a sì ya àwòrán wọn pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kí olúkúlùkù ilé mú àwòrán àtijọ́ kan wá, kí a sì rán ọ̀dọ́ lọ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, ní Estate àti láàrin àwọn Àwórì tí ó ni ilẹ̀ Ìbà, kí a kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Èkejì, kí a ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ láti gbọ́ Faransé. Láti ọdún 1991 ni Abúlé Èdè Faransé ti wà ní Àjárá, lẹ́bàá Àgbádárìgì. Kò tọ́ kí àwọn ọmọ Kano jìnnà wá kọ́ ọ níbẹ̀ kí tiwa tí ó wà nítòsí má mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta, kí a mú ọ̀wọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́dún tí ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tí ó pé, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ ti ọdún yìí lọ sórí géètì tuntun. N kò bá wọn jà. Géètì dára, ó ń lé olè. Ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù kan kò ní gba ìdá mẹ́wàá owó géètì, olè tí ó ń jí ìrántí sì wà tí géètì kò lè dá dúró. Òun ni ìgbàgbé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀síwájú, kí ó sì jẹ́ kí a ṣe ẹ̀mí ọdún mìíràn nínú àlàáfíà.