Owó Ọmọ Òrukàn àti Ṣíà Ilé-iṣẹ́ Sìgá

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn olùdáwó àti ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Ìjẹ̀dẹ̀)

  



A kì í fi ọ̀rọ̀ owó pamọ́ fún ẹni tó ni owó. Ìdí nìyí tí a fi gbé ìbéèrè kan tó dé iwájú ìgbìmọ̀ wá síwájú gbogbo yín lónìí. Nínú owó tí ẹ ń dá, èyí tó jẹ́ sàká ń lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn tó tọ́ sí. Èyí tó jẹ́ sàárà, tí ẹ ní kí á fi pamọ́ fún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ òrukàn, wà ní báńkì. Gbogbo wa la sì mọ bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Owó tó bá jókòó sójú kan ń jò bí omi inú ajere.

Àwọn ènìyàn wa kan wá dá àbá pé kí á fi apá kan owó náà ra ṣíà. Wọ́n dárúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá ti ilẹ̀ òkèèrè, nítorí pé wọ́n máa ń pín èrè tó jọjú. Wọ́n ní sìgá kò ní le bíi ti àtijọ́ mọ́, pé àwọn ìjọba ti ń fẹ́ kí wọ́n dín oró inú rẹ̀ kù, àti pé nígbà tí ẹ̀rù ń ba àwọn oníṣòwò yìí ló yẹ kí á rà á lówó pọ́ọ́kú. Èrò rere ló wà lọ́kàn wọn. Ọmọ òrukàn ni wọ́n rò. Nítorí náà, ó yẹ kí á gbé àbá náà yẹ̀wò dáadáa, kí á má kàn fi ọwọ́ dà á nù.

KÍ NI ÌDÍNKÙ NÍKÓTÍÌNÌ?

Níkótíìnì ni èròjà inú ewé tábà tó ń sọ sìgá di bárakú. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ti mọ́ lára lè fọ ẹnu láàárọ̀ kó tó wá sìgá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Èéfín ni. Nígbà tí tábà bá ń jó, èéfín rẹ̀ máa ń kó ọ̀dà dúdú, gáàsì olóró, àti ọ̀pọ̀ èròjà tó ń fa jẹjẹrẹ wọ inú ara. Bí a bá dín níkótíìnì kù, ìdè la dín kù. Iná ṣì ń jó, èéfín ṣì ń wọlé.

Ní oṣù keje ọdún 2017, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun ń gbèrò láti dín níkótíìnì inú sìgá kù títí tí kò fi ní lè sọ ènìyàn di ẹrú mọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ṣíà Altria, ilé-iṣẹ́ tó ń ta Marlboro ní Amẹ́ríkà, já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ náà gbé àbá òfin jáde pé kí níkótíìnì má ju mílígíráàmù 0.7 lọ nínú gíráàmù tábà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà nínú sìgá ọjà lásán máa ń ju mílígíráàmù 10 lọ. Àbá ni wọ́n gbé jáde, kì í ṣe òfin tó ti ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ New Zealand ṣe òfin tiwọn ní oṣù kejìlá ọdún 2022, wọ́n fi òté lé e ní 0.8, ṣùgbọ́n ìjọba yí padà, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kejì ọdún 2024 kí ìdínkù náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí àwọn òfin wọ̀nyí ń wá. Wọn kò sọ pé sìgá yóò di ohun rere. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ẹni tó ń fà á lè jáwọ́, kí ọmọdé tó bá tọ́ ọ wò má sì di ẹrú rẹ̀.

A ti gbọ́ irú orin yìí rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ta sìgá tí wọ́n pè ní "light" àti "mild". Wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí sìgá náà, débi pé bí ẹ̀rọ bá fà á, ọ̀dà tó ń bọ̀ níbẹ̀ máa ń kéré. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ètè àti ìka ń bo ihò náà, ẹni tó ń fà á sì ń fà á kíkankíkan kí ara rẹ̀ lè rí ohun tó ń fẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Adájọ́ Gladys Kessler ní Washington dájọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá tan àwọn ará ìlú jẹ, ó sì ní kí wọ́n yé lo irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí tábà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, tí Nàìjíríà náà sì fọwọ́ sí, lòdì sí orúkọ ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

BÓ ṢE RÍ NÍLÉ WA

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkè òkun nìkan. British American Tobacco ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ yìí láti 1912. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Òṣogbo ní 1933, wọ́n kọ́ òmíràn sí Ìbàdàn ní 1937, Nigerian Tobacco Company sì bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Ní 2001 wọ́n bá ìjọba àpapọ̀ ṣe àdéhùn, wọ́n sì ṣí ilé-iṣẹ́ tuntun sí Ìbàdàn ní 2003. Àwọn àgbẹ̀ wa ní Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ògùn ló ń gbin tábà fún wọn. Wọ́n ní àjọ àánú tó ń ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti 2002. A kò ní fi èyí pamọ́, nítorí Mùsùlùmí kì í jẹ́rìí èké.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo apá kejì náà. Ní 2007, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wa yìí pe àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá lẹ́jọ́ nítorí owó tí ìjọba ń ná lórí àwọn tí sìgá sọ di aláìsàn. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn àti ìjọba àpapọ̀ náà pè wọ́n lẹ́jọ́ lọ́dún kan náà. Ní 2015, Nàìjíríà ṣe òfin tábà tó ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí wọ́n má sì máa tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, British American Tobacco gbà láti san mílíọ̀nù 110 dọ́là fún FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lẹ́yìn ìwádìí tí àjọ náà ṣe. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí ní 2012 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.5 àgbàlagbà ló ń lo tábà, ọkùnrin mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé tábà ń pa ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù méje lọ́dọọdún, àti pé ó lè pa tó ìdajì àwọn tí kò bá jáwọ́ ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ni baálé ilé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá wa lọ kí àwọn opó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí baálé ilé bá kú. Ọmọ á kúrò nílé-ìwé, ìyá á máa gbé igbá kiri etí ọ̀sà, onílé á máa kanlẹ̀kùn.

KÍ NI Ẹ̀SÌN WÍ?

Àwọn kan lè sọ pé àwọn onímímọ̀ ayé àtijọ́ kò fẹnu kò lórí tábà. Òótọ́ ni. Ahmad Baba ti Timbuktu, ọ̀gá àgbà onímímọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kọ ìwé ní 1607 pé kò sí èèwọ̀ nínú rẹ̀ nítorí kì í pa ènìyàn bí ọtí. Nínú máṣàbì Màlíkì tí àwa náà ń tẹ̀lé, al-Ujhuri ní Íjíbítì fàyè gbà á, al-Laqani tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sì kọ ìwé tako ó. Ohun tí ojú wọn rí nígbà náà ni wọ́n fi dájọ́, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Àwọn tó fàyè gbà á pàápàá sọ pé bí ó bá ṣe ìpalára fún ènìyàn, kò tọ́ fún un mọ́. Ní 1950 ni àwọn dókítà Doll àti Hill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìwádìí hàn pé sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jọ ń rìn. Ní 1964, ọ̀gá dókítà ìjọba Amẹ́ríkà kéde bákan náà. Nígbà tí ìpalára ti hàn gbangba, ìdájọ́ náà ṣí sí ibi tí ìdí rẹ̀ ṣí sí. Ìgbìmọ̀ fátúwà Malaysia sọ ọ́ di háráámù ní 1995.

Bí ẹnìkan bá ṣì ń jà pé kíkórira nìkan ni, kì í ṣe háráámù, ẹ jẹ́ kí á rán an létí pé owó ọmọ òrukàn la ń sọ. Nínú Súúrà Nísáì, ẹsẹ 2, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ohun burúkú rọ́pò ohun dáadáa tó jẹ́ ti ọmọ òrukàn. Nínú Súúrà An'ám, ẹsẹ 152, Ó ní kí á má sún mọ́ dúkìá wọn àyàfi ní ọ̀nà tó dára jù lọ. Kò ní ọ̀nà tó lérè jù lọ. Súúrà Bàkárà, ẹsẹ 219, sì kọ́ wa pé àǹfààní lè wà nínú ọtí àti tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wọn ju àǹfààní wọn lọ. Nítorí náà, èrè nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ẹ wá wo àbá náà fúnra rẹ̀. Bí ìdínkù níkótíìnì bá ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn á jáwọ́, ọjà ilé-iṣẹ́ á kù, owó ọmọ òrukàn á sì bá a lọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, tí èrè ń wọlé bí ti àtẹ̀yìnwá, a jẹ́ pé àwọn bàbá ọmọ ṣì ń kú. Nínú méjèèjì, èwo la lè gbé ọwọ́ sókè tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun? Ẹni tó fi owó ọmọ òrukàn sínú òwò tó ń sọ ọmọ ẹlòmíràn di òrukàn, ó ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi ìkejì wó o.

Àwọn kan á ní bí àwa kò bá rà á, ẹlòmíràn á rà á. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló máa jíyìn tirẹ̀. Àwọn kan á ní ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ ń pàdánù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. CalPERS, àjọ owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ California, pinnu ní 2000 láti kúrò nínú ṣíà tábà. Nígbà tí wọ́n tún un gbé yẹ̀wò ní 2016, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé èrè tó bọ́ lọ́wọ́ wọn lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Síbẹ̀ wọn kò padà síbẹ̀. Àpò owó ìjọba Norway náà ti jáde níbẹ̀ láti 2010. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe Mùsùlùmí o. Ní ti àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, ṣíà tí a bá rà ní Lọ́ńdọ̀nù kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó ewé tí wọ́n tà.

OHUN TÍ A Ń RỌ̀ YÍN SÍ

Èkíní, ìgbìmọ̀ ń bẹ ìpàdé yìí kó fọwọ́ sí i pé kí owó ọmọ òrukàn má wọ ilé-iṣẹ́ sìgá, ìbáà jẹ́ oní-níkótíìnì púpọ̀ tàbí kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kó má wọ ọtí, tẹ́tẹ́ tàbí èlé.

Èkejì, ọ̀nà hàláálì wà. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta sukuk ní 2017, bílíọ̀nù 100 náírà fún ṣíṣe títì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà péré lẹnìkan lè fi bẹ̀rẹ̀. Jaiz Bank ti ń ṣiṣẹ́ láìsí èlé láti 2012. Lọ́dún náà ni ilé-ìdókòwò Nàìjíríà gbé Lotus Islamic Index jáde, èyí tó ń fi ilé-iṣẹ́ tí òwò wọn bá Sẹria mu hàn.

Ẹ̀kẹta, kí oníkálukú yẹ owó ìfẹ̀yìntì ara rẹ̀ wò. Láti 2021 ni PenCom ti ṣí Fund VI fún àwọn tí kò fẹ́ èlé. Ṣùgbọ́n kì í wá bá ènìyàn nílé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù náà. Wọ́n máa ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù wọn láìjẹ́ pé wọ́n mú ibi tí yóò lọ, ó sì lè wà nínú ṣíà tábà láìmọ̀. NEST ní àpò tó bá Sẹria mu. Kí wọ́n béèrè rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní ṣíà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kó tà á, kó sì bi àáfà léèrè bí yóò ṣe fọ èrè rẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn onímímọ̀ sọ ni pé kó yọ èrè náà fún aláìní láìretí láádá, kó má sì kà á mọ́ sàká. Ọlọ́hun mọ́, ohun tó mọ́ nìkan ló ń gbà.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, owó kékeré tó mọ́ ní ìbùkún ju owó ńlá tó ní ẹ̀jẹ̀ lára lọ. Kí Ọlọ́hun gba ìdáwó yín ní iṣẹ́ rere, kó fi hàláálì Rẹ̀ tó wa kúrò nínú háráámù, kó wo àwọn ọmọ òrukàn wa dàgbà, kó sì gba àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́wọ́ bárakú. Kó má ṣe jẹ́ kí owó tí a fi ń wá ọ̀run di ohun tí yóò tako wá lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.